Ẹ̀rọ Tó Sùn Ni Wọ́n Wọ̀n

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ mi ni rédíò ìyá mi.

Ìlárá Rẹ́mọ ni Màmá ń gbé, nínú ilé tí àwọn àti bàbá mi tó ti di olóògbé jọ kọ́. Yàrá tó kángun sẹ́yìn ni mo gbé ẹ̀rọ asàba kan sí fún wọn, àpótí onígi kan tó ga dé àyà èèyàn, tó ń ṣe iṣẹ́ àgbébọ̀ adìẹ. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi ń mú ẹyin móoru, títí òròmọdìẹ á fi fẹnu lu ìkarahun jáde. Èmi tí mo kàwé gboyè nínú iṣẹ́ iná ni mo fọwọ́ ara mi tò ó, láti orí pákó dé orí wáyà. Òwò obì gbànja ni Màmá ṣe títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ yìí ni mo fi rọ́pò apẹ̀rẹ̀ obì, kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí hítà inú àpótí yẹn bá ti tan ni rédíò orí tábìlì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gírrr, gírrr, á bo ohùn oníròyìn mọ́lẹ̀. Màmá á na etí.

"Yèsí nìyẹn?"

Yèsí ni àwa ará Rẹ́mọ ń pe "ta ni". Wọn kì í béèrè pé kí ló ń kùn. Ta ni wọ́n ń béèrè, àfi bí ẹni pé ẹnìkan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn.

"Kò sẹ́nìkan, Màmá. Ẹ̀rọ yín ló ń kí yín."

"Kó kí mi tán, kó jẹ́ n gbọ́ ìròyìn."

A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn dópin nígbà tí ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Á lù, á tún gbàgbé láti lù. Wọ́n dákú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n la awọ àyà wọn díẹ̀ lápá òsì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju gbànja ńlá kan lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti wáyà tín-ínrín láti ara rẹ̀ wọnú ọkàn. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ náà máa ń tẹ́tí sí ọkàn. Bí ọkàn bá lù fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́. Bí ọkàn bá gbàgbé, ẹ̀rọ á ta á jí.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fara ti ohun èlò iná kankan tẹ́ ò bá mọ ohun tó ń jáde lára rẹ̀," ni dókítà wí.

Mo sọ fún un nípa ẹ̀rọ asàba.

"Kí ló ń jáde lára ìyẹn?"

 Èmi tí mo ṣe ẹ̀rọ náà, n kò mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, kò sì tíì tán títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń tan iná tó ń pa iná kíákíá nínú ara rẹ̀ ló máa ń tú ìgbì kan jáde tí ojú kò lè rí. Ìgbì yẹn ló ń bá rédíò jà. Bó bá lè bá rédíò jà, kí ló kù tí kò lè bá jà?

Mo ní kí n gbé ẹ̀rọ náà kúrò. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹyin ọgọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ìwọ lo máa sàba lé wọn?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kò léwu."

"Lọ mọ̀ ọ́n, Ẹnjiníà. Mo ń dúró dè ọ́."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé àyẹ̀wò, ibi tí wọ́n ti ń wọn ohun tó ń jáde lára ẹ̀rọ, láti mọ̀ bóyá ó lè da ẹ̀rọ mìíràn láàmú.

Èyí tí mo kọ́kọ́ pè wà nínú ọgbà yunifásítì kan, ìrìn-àjò wákàtí méjì sí wa. Obìnrin àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹnjiníà ló gbé fóònù, kò sì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Wáyà ẹ̀rọ náà gùn tó báwo? Ṣé ó máa ń nà gbọọrọ nílẹ̀ ni àbí ó máa ń ká? Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tó le jù lọ, kí ló ń ṣe? Ṣé hítà àti fáànù máa ń tan pọ̀? Kí ló máa wà nínú àpótí nígbà tá a bá ń wọ̀n ọ́n? Mo dáhùn mẹ́ta, mo fo méjì. Ó tún béèrè méjì tí mo fò. Ó sọ fún mi pé èèyàn mélòó kan ti tò síwájú mi, ó máa tó oṣù kan kó tó kàn mí. Inú bí mi. Mo ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ó ń bi mí bí ẹni ń bi ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo já fóònù.

Ìkejì wà ní Ṣàgámù níhìn-ín, kò jìnnà sí oríta tí ọ̀nà márosẹ̀ ti pàdé. Láti Ìjokù tí mo ń gbé, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni. Táìlì funfun, ẹ̀rọ amúlétutù, sàtífíkéètì tó kún ara ògiri. Máníjà fúnra rẹ̀ dìde fún mi.

"Ẹnjiníà wa! Ẹ jókòó, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi tútù fún yín."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé bí ẹ̀rọ bá kùnà ńkọ́.

Ó rẹ́rìn-ín tó fi mi ejìká. "Ẹ̀rọ kì í kùnà níbí, sà. Láti ọjọ́ tá a ti ṣílẹ̀kùn, a ò tíì dójú ti oníbàárà kankan."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lé mi jáde nìyẹn. Ilé àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ kì í kùnà nínú rẹ̀, kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ara mi tù mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà tí mo lè gbà, mo sì ti rí ilé tí wọ́n ti ń tà á.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá, wọ́n bi mí pé, "O tú apẹ̀rẹ̀ wò?"

"Apẹ̀rẹ̀ wo?"

"Èèyàn kì í wo obì lórí kó ní òun ti rà á. Ìsàlẹ̀ ni kòkòrò ń gbé."

"Màmá, èyí kì í ṣe obì. Ilé àyẹ̀wò ni."

"Àwọn náà ò ní ìsàlẹ̀?"

Òròmọdìẹ inú ẹyin ọgọ́ta yẹn jáde tán kí n tó gbé ẹ̀rọ náà lọ. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi pè mí. Ìwé àbájáde jẹ́ ojú ewé mọ́kànlá. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni mo kà, torí lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ mi yege. Mo gbé e dé Ìlárá, mo lẹ ojú ewé yẹn mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá sọ gbólóhùn kan, ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn:

"Ẹ lè fara tì í báyìí, Màmá. Kò sí nǹkan."

Wọ́n to ẹyin tuntun sí i. Rédíò ṣì ń kùn. Mo gbọ́ ọ. Mo wo ìwé ara ògiri, mo gba ìwé gbọ́ ju etí mi lọ.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń di ẹnu páìpù omi kan tó ń jò. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí hítà tan, mo sì gbọ́ rédíò: gírrr, gírrr. Mo ń dúró de ohùn Màmá láìmọ̀ pé mò ń dúró dè é.

N kò gbọ́ "Yèsí?"

Ọwọ́ mi dúró lórí páìpù. Gírrr, gírrr. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan. N kò mọ bí mo ṣe dé inú yàrá. Màmá gbá àpótí náà mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orí pákó tó móoru, ojú wọn là sílẹ̀ kò wo ibì kankan, ara wọn sì ń yọ́ bọ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbá wọn mú lábẹ́ apá, mo wọ́ wọn kúrò lára ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà. Mo pè wọ́n. Mo tún pè wọ́n. Omi páìpù ń kán láti ọwọ́ mi sí iwájú orí wọn.

Wọ́n ṣẹ́jú. "Kí lo ń wọ́ mi bí ìtì ọ̀pẹ sí?"

Mọ́tò kékeré tó ń lọ sí Ṣàgámù la bá dé ilé ìwòsàn. Dókítà gbé ohun pẹrẹsẹ kan lé orí àyà Màmá, ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ inú ibẹ̀ kọ sílẹ̀, torí ẹ̀rọ yẹn ní ìrántí. Ó pẹ́ lórí ìlà kan. Ó ní kí n tẹ̀lé òun jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ohun tó sọ fún mi rèé. Lọ́sàn-án yẹn, ọkàn Màmá gbàgbé láti lù. Ẹ̀rọ inú àyà wọn yẹ kó ta á jí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ariwo kan láti ìta, ó rò pé ọkàn ló ń sọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́ fún un, bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ṣe ń dákẹ́ nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méje ló fi dákẹ́.

"Kí ni wọ́n fara tì?" ni dókítà béèrè.

"Ẹ̀rọ tó ti yege," ni mo wí. 

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni mo ti wá ka ojú ewé mẹ́wàá tó kù, nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo ka ìwé náà bí ọlọ́pàá ṣe ń ka ìwé ọ̀daràn. Ní ojú ewé kẹrin, fọ́tò ẹ̀rọ mi wà níbẹ̀. Iná pupa kékeré tó máa ń fi hàn pé hítà ń ṣiṣẹ́ ti kú. Wáyà tó máa ń nà gbọọrọ láti ara ògiri dé ara àpótí, wọ́n ti ká a jọ, wọ́n fi rọ́bà dì í. Ní ojú ewé kẹfà, wọ́n kọ ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ náà ń mu lásìkò àyẹ̀wò. Kékeré báyìí, èyí tó tó fún aago ojú rẹ̀ nìkan. Hítà kò tan. Fáànù kò yí. Ní ojú ewé kẹsàn-án, ìwé àṣẹ tí wọ́n so mọ́ ọn jẹ́ ti àyẹ̀wò gílóòbù, kì í ṣe ti irú ẹ̀rọ tèmi, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Èmi ni n kò tú apẹ̀rẹ̀ wò.

Mo padà sí fọ́tò yẹn. Ohun funfun kan wà lórí àpótí. Mo fẹ ẹ lójú. Aṣọ ni, aṣọ mímọ́ tí wọ́n ká dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé fọ́tò náà síwájú máníjà. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó wọlé tó sì kí mi pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ.

"Bàbá, ẹ̀rọ mi ò tan nígbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A pa á ni."

"Ẹ pa á?"

"Kò sí ẹyin nínú rẹ̀, sà. Àpótí òfìfo téèyàn bá ń dáná sí, pákó rẹ̀ á gbẹ, á là. Ẹrù oníbàárà kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó fi ìka kan aṣọ inú fọ́tò. "Èmi ni mo fi aṣọ yẹn sí i lórí, nítorí eruku."

 Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bí ẹnìkan bá gbé ẹrù rẹ̀ sí wa lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí, a kì í lò ó. A máa ń fi aṣọ bò ó títí olówó rẹ̀ á fi dé. Ìyá tó bí mi ló fi kọ́ mi. Bàbá yìí tọ́jú ẹ̀rọ mi bí ọmọlúàbí, ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

"Ẹni tó sùn lẹ fún ní ìwé pé kì í pariwo!" Ohùn mi ti lọ sókè.

Máníjà fi ẹ̀rín sí i. "Ẹnjiníà wa, ẹ mu omi ná. Ṣé ẹ sọ fún wa pé ká tàn án ni?"

Ó mú fọ́ọ̀mù tí mo kọ jáde. Ó tọ́ka sí ìlà kan: ipò wo ni kí ẹ̀rọ wà lásìkò àyẹ̀wò? Òfìfo ni. N kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí obìnrin yunifásítì yẹn fi dà mí láàmú, àyè òfìfo yìí ni wọ́n ń wá.

"Ìyá mi ṣubú," ni mo sọ.

Bàbá náà bo ẹnu. Máníjà gbé ife omi tó fẹ́ nà sí mi padà sórí tábìlì. Ó ní àwọn lè tún un ṣe, kò sí wàhálà, ó máa yege. Ó tún sọ ọ́, pé ó máa yege! Mo béèrè pé kí wọ́n fagi lé ìwé àkọ́kọ́. Ó ní ìyẹn á ba orúkọ ilé iṣẹ́ jẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìgbà náà, mo to gbogbo àṣìṣe ìwé náà àti ojú ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà síbẹ̀. N kò tíì rí èsì kankan gbà.

Ẹ̀rọ méjì ni mo ti tà lórí agbára ìwé yẹn, ọ̀kan ní Ìpara, ọ̀kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ pa méjèèjì. Ní Ìpara, mo bá ìyá àgbà kan tó jókòó ti ẹ̀rọ náà, tó ń yá iná ara rẹ̀. Mo bi í bóyá àyà rẹ̀ ní nǹkan nínú. Ó ní, "Ìfẹ́ Ọlọ́run ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi." 

Lẹ́yìn náà ni mo wá pe nọ́ńbà tí mo ti já mọ́ létí. Mo dúró de oṣù kan yẹn. Ẹyin inú ẹ̀rọ, Màmá kó o fún àgbébọ̀ méjì tí aládùúgbò wa ní, Màmá sì ń bá mi yan odì.

Nígbà tó kàn mí, obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, awò rẹ̀ wà lórí okùn lọ́rùn.

"Ẹ̀yin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa."

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ò bí mi. Ìbéèrè kẹfà ló kàn. Ẹyin dà?"

N kò mú ẹyin dání. Ó rán mi lọ rà á. Ó ní bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé nílé ni kó ṣe gbé níbí. Kí ẹyin wà nínú rẹ̀, kí wáyà nà, kí hítà àti fáànù jọ máa ṣiṣẹ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Mo yọ rédíò Màmá jáde láti inú báàgì, ojú ń tì mí díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sórí tábìlì lọ́tọ̀. "Ẹlẹ́rìí nìyẹn," ló wí.

Fóòmù dúdú rírọ̀ tó yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún ló bo ògiri yàrá náà látòkè délẹ̀, kò sí gbohùngbohùn kankan níbẹ̀. Ohùn èèyàn á kú síwájú ẹnu rẹ̀. A tan ẹ̀rọ, a tilẹ̀kùn mọ́ ọn, a jókòó síta níwájú kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ń sáré lọ pẹrẹsẹ lójú rẹ̀. Mo ń gbàdúrà pé kó dúró bẹ́ẹ̀. Hítà tan. Ìlà náà dìde ganga bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọjá ibi tí wọ́n fi ààlà pupa sí, kò sì wálẹ̀ mọ́.

"Yèsí nìyẹn?" N kò mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde.

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ará Rẹ́mọ ni yín? Ìpara ni wọ́n ti bí ìyá mi." Ó tún awò rẹ̀ ṣe. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá yèsí."

Ó pa fáànù, ìlà náà kò mira. Ó pa hítà, ìlà wó lulẹ̀. A ń bọ̀ wá díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé orí ohun kékeré kan tó ń tan hítà tó ń pa á, àti wáyà gígùn tó ń gbé ariwo rẹ̀ kiri bí ẹ́ríà orí rédíò. Ó bi mí pé asẹ́ dà, ohun tó yẹ kó dúró láàárín àwọn méjèèjì kó sẹ́ ariwo náà kúrò. Ó wà nínú àwòrán iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Mo yọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láìsí i.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ti ń wá ẹni tí màá kọ lẹ́tà kẹrin sí lórí ẹ̀sùn yìí. Àdírẹ́sì mi nìkan ni mo rí.

Mo dá asẹ́ padà síbẹ̀, nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tún wọ̀n ọ́n lójúfò, pẹ̀lú ẹyin. Ìlà dúró sísàlẹ̀ ààlà. Mo ka gbogbo ìwé àbájáde rẹ̀, ojú ewé kan kò fò mí. Síbẹ̀ dókítà ní kí Màmá má ṣe fara tì í mọ́ láéláé, kí wọ́n jìnnà sí i tó ìwọ̀n apá kan. Mo ra ọ̀dà funfun, mo fa ìlà sílẹ̀ yí ẹ̀rọ náà ká, mo sì fi òòlù kan àga Màmá mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà.

Lọ́jọ́ tí a tún to ẹyin sí i, mo dúró sẹ́bàá ògiri, ọwọ́ mi wà lórí súìṣì. Rédíò ń ka ìròyìn. Hítà tan, iná pupa yọ. Mo tẹ́tí. Ohùn oníròyìn ń lọ geere, kò sí nǹkan kan tó bò ó mọ́lẹ̀. Màmá na etí títí, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àtàǹpàkò kọjá ìlà. Gìgísẹ̀ tẹ̀lé e. Ọyẹ́ ṣì ń mú, pákó sì móoru.

"Màmá! Ìlà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín ti kọjá ìlà!"

Ọkàn mi ń lù débi pé mò ń gbọ́ ọ létí. Wọn kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n tún ohùn rédíò ṣe díẹ̀, wọ́n ní:

"Yèsí ló tún ń pariwo báyìí?"